Lẹ́yìn Ìkómọ Ni Kí O Gbé Kámẹ́rà Dé

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta ni mí ní yunifásítì kan nílùú Washington, Maryland sì ni àwọn òbí mi ń gbé. Olùkọ́ wa ní kí kálukú ṣe dọkumẹ́ńtárì oníṣẹ́jú méjìlá kí sáà yìí tó parí. Mo fẹ́ ṣe tèmi lórí bí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ṣe ń kú nítorí oyún àti ìbímọ ní Amẹ́ríkà. Mo ti kọ̀wé sí ilé ìwòsàn méjì, wọn ò jẹ́ kí n wọlé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kú nígbà tó bímọ lọ́dún tó kọjá. Mo fẹ́ kó sọ ìtàn rẹ̀, ṣùgbọ́n màmá mi ní kí n má dán an wò. Èrò mi ni pé kí dókítà kan sọ̀rọ̀, kí ọkọ kan tí ìyàwó rẹ̀ kú sọ̀rọ̀, kí n wá fi ìṣirò dí àárín rẹ̀. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ilé ìwòsàn méjèèjì tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ yẹn, oore ni wọ́n ṣe fún ọ, bí wọn ò tiẹ̀ mọ̀. Ká ní wọ́n jẹ́ kí o wọlé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ funfun àti ẹ̀rọ tó ń ké ni o máa yà, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ kan tó dúró sẹ́yìn rẹ tó ń ṣọ́ gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì ń sọ. Mo ti wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn nínú fíìmù akẹ́kọ̀ọ́ débi pé ó ti sú mi. Yàtọ̀ sí ìyẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ikú tí o fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀ rárá.

Àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ní ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ikú àwọn aláboyún àtàwọn ìyá ọmọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí CDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àrùn, kó iṣẹ́ àwọn ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ 36 jọ fún ọdún 2017 sí 2019, ikú 1,018 ni wọ́n rí tí oyún fà. Ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún ṣẹlẹ̀ nígbà tí oyún ṣì wà nínú. Ìdá 25 ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìbímọ tàbí láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìdá 53 tó kù ṣẹlẹ̀ láti ọjọ́ keje títí di ìgbà tí ọmọ ń lọ sí ọdún kan. Wọ́n sì sọ pé ó lé ní ìdá 80 nínú gbogbo ikú náà tó ṣeé dènà.

Ọmọ Yorùbá ni ọ́, o mọ bí ọjọ́ kẹjọ ṣe máa ń rí. A ti gbóhùn ìyá, a ti gbọ́ tọmọ, oyin àti iyọ̀ ti kárí ẹnu, ìrẹsì ti tán nínú kúlà, àwọn àlejò ti wọ mọ́tò padà sí Bowie àti Lanham. Kò sẹ́ni tó tún ń bẹ̀rù mọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni èyí tó lé ní ìdajì ikú náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè gòkè lẹ́yìn tí ọmọ ti jáde. Ẹ̀jẹ̀ lè dì lẹ́sẹ̀ kó lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọkàn ìyá lè máa rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí gbogbo ilé máa rò pé àìsùn ọmọ tuntun ni. Ìdààmú ọkàn lè dé tí kò ní lè sọ fún ẹnikẹ́ni, nígbà tí gbogbo ayé ń bá a yọ̀. Dókítà tó gbẹ̀bí fún un sì lè ti sọ fún un pé ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Nítorí náà, inú ilé ni kí fíìmù rẹ wà, kó sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìkómọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà, ibẹ̀ náà sì ni ẹnikẹ́ni ò ti ní lé ọ jáde, nítorí ìyá ọmọ ló ni ilẹ̀kùn rẹ̀. HIPAA, òfin àṣírí aláìsàn tí wọ́n máa fi dẹ́rù bà ọ́ níbi gbogbo, ilé ìwòsàn, dókítà àtàwọn ilé iṣẹ́ tó ń sanwó ìtọ́jú ló dè lọ́wọ́. Kò de ìyá náà. Tó bá wù ú, ó lè ka ìwé ìtọ́jú ara rẹ̀ sókè níwájú kámẹ́rà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

O máa sọ pé ọdún kan kò lè wọ inú sáà ẹ̀kọ́ kan. Wá ìyá mẹ́ta: ọ̀kan tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀kan tí tiẹ̀ jẹ́ oṣù mẹ́rin, ọ̀kan tí tiẹ̀ ń múra àtipé ọdún. Tò wọ́n tẹ̀ léra, ọdún kan ti pé nínú ìṣẹ́jú méjìlá, o ò sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni, níwọ̀n ìgbà tí o bá jẹ́ ká mọ̀ pé èèyàn mẹ́ta ni.

Ẹni tó máa mú ọ débẹ̀ ni doula. Doula kì í ṣe agbẹ̀bí. Kì í fúnni lóògùn, kì í sì í gba ọmọ. Ẹni tó ń dúró ti ìyá ni, ṣáájú ìrọbí, nígbà ìrọbí, àti nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti lọ tán. Láti 2022 ni Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún àwọn tí owó ò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ti ń san owó doula ní Washington àti ní Maryland. Àwọn àjọ tí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀ sì wà, bíi Mamatoto Village tó ti wà nílùú Washington láti 2013, tí òṣìṣẹ́ wọn ń lọ bá àwọn ìyá nílé. Lọ bá irú wọn láìmú kámẹ́rà dání. Má sọ pé o fẹ́ wá ya fíìmù. Sọ pé o fẹ́ wá mọ iṣẹ́ wọn, kí o sì jẹ́ kó jẹ́ òótọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti oníròyìn máa ń rọ́ lọ bá wọn ní ọ̀sẹ̀ ìlera ìyá aláwọ̀ dúdú, ìyẹn April 11 sí 17 lọ́dọọdún, lẹ́yìn náà a ò ní rí wọn mọ́ títí di ọdún tó ń bọ̀. Tí o bá lè lọ ní oṣù tí kò sẹ́ni tó ń wá wọn, wọ́n á dá ọ mọ̀.

Tí wọ́n bá gbà ọ́, iṣẹ́ ọwọ́ ni kí o máa yà: bí wọ́n ṣe ń we aṣọ ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ mọ́ apá ìyá, bí ojú doula ṣe yí padà nígbà tó rí nọ́ńbà, bí ó ṣe gbé fóònù láti pe ilé ìwòsàn tí wọ́n sì ní kó dúró sórí ìlà. Má pa kámẹ́rà níbẹ̀. Jẹ́ kí orin ìdúró yẹn máa dún, kí ọmọ máa sunkún lábẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan àbọ̀ irú àwòrán yìí máa sọ ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta kò lè sọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tó wà lódìkejì bá gbé fóònù, ọ̀rọ̀ òfin dé. Lágbègbè tí ẹ wà yìí, ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan lè yí òfin padà. Southern Avenue ni ààlà Washington àti Prince George's County. Ní apá Washington, tí ẹnì kan nínú àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bá gbà kí a gba ohùn náà sílẹ̀, ó tó. Ní apá Maryland, gbogbo ẹni tó wà nínú ìjíròrò náà ló gbọ́dọ̀ gbà, ẹni tó bá sì rú òfin yẹn lè dèrò ẹ̀wọ̀n. Èmi máa ń ṣe bí ẹni pé Maryland ni gbogbo ayé. Ní kí doula sọ fún ẹni náà pé a ń gba ohùn sílẹ̀. Tí ó bá kọ̀, pa maíìkì, kí o máa ya ojú doula nìkan.

Mo tún dárúkọ Southern Avenue fún ìdí mìíràn. Ilé ìwòsàn United Medical Center wà létí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó tó kógbá sílé ní 2025. Ní 2017, ó pa ẹ̀ka ìbímọ rẹ̀ tì. Lọ́dún kan náà ni ilé ìwòsàn Providence ní Northeast, tí ọ̀pọ̀ aláboyún ìlà oòrùn odò Anacostia ń lọ, pa tirẹ̀ náà tì. Fún ohun tó lé ní ọdún méje, kò sí ilé ìwòsàn tí obìnrin ti lè bímọ ní Wọ́ọ̀dù 7 àti 8, àwọn àgbègbè tó jẹ́ pé ìlà oòrùn odò yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà, níbi tí aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí jù ní gbogbo Washington. Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ikú àwọn ìyá wò nílùú náà yẹ ti ọdún 2014 sí 2018 wò, wọ́n sì rí i pé aláwọ̀ dúdú ló ń bí nǹkan bí ìdajì ọmọ tí wọ́n ń bí nílùú náà, ṣùgbọ́n àwọn ló ni ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ikú náà. Ní oṣù kẹrin 2025 ni Cedar Hill Regional Medical Center ṣílẹ̀kùn ní Wọ́ọ̀dù 8 pẹ̀lú ẹ̀ka ìbímọ. Nítorí náà, ṣọ́ra fún àwọn àròkọ àtijọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fíìmù tó bá sọ lónìí pé kò sí ibi ìbímọ ní ìlà oòrùn odò ti di irọ́. Ohun tí mo máa wá, tó bá jẹ́ èmi, ni ìyá kan tó bímọ nígbà tí kò sí ilé ìwòsàn níbẹ̀, tó sì tún bí lẹ́yìn tó ṣí. Ara kan náà, àdúgbò kan náà, ìrìn méjì. Bóyá ìkejì dára ju ìkíní lọ, bóyá kò dára jù ú. Òun ló máa sọ fún ọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá rẹ. Màmá rẹ kò ṣàṣejù. Àpapọ̀ ọmọ ìyá àti ìtìjú ò jẹ́ kí èèyàn lè kọ̀ fún ẹbí. Ìwọ ni ọmọ àǹtí rẹ̀, iṣẹ́ ilé ìwé rẹ ni, báwo ló ṣe máa wò ọ́ lójú kó ní òun ò ṣe? Bẹ́ẹ̀ sì ni àṣẹ àgbàlagbà kì í ṣe àṣẹ rẹ̀. Tí màmá rẹ bá yí ọkàn padà lọ́la tó sì pàṣẹ fún un pé kó dá ọ lóhùn, ìyẹn burú ju kí ó kọ̀ lọ. Rán ẹlòmíràn sí i, ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ ń kẹ́kọ̀ọ́, kó lè rí ẹni tó máa kọ̀ fún. Tí kò bá fẹ́, bẹ̀ ẹ́ pé kó bá ọ wo ìbéèrè tí o fẹ́ bi àwọn ìyá tó kù. Yóò rí ohun tí ojú rẹ kò rí.

Tí ó bá gbà, gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: kí o tó yà, lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn tí o yà, àti nígbà tó bá ti wo àtòpọ̀ àkọ́kọ́. Kọ ọ́ sínú ìwé ìyọ̀ǹda pé ó lè fà sẹ́yìn títí di ọjọ́ kan pàtó tí ẹ jọ fẹnu kò sí. Àwọn olùkọ́ mìíràn máa sọ fún ọ pé èyí léwu, pé èèyàn lè ba iṣẹ́ rẹ jẹ́ ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Òótọ́ ni. Fi sí i síbẹ̀. Má fún ilé ìwòsàn tàbí àjọ kankan ní irú ẹ̀tọ́ yìí, ìyá nìkan ni. Kí ẹ sì sọ̀rọ̀ nípa ọmọ náà, torí ó máa tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́jọ́ kan, fóònù rẹ̀ ló sì máa fi wo o.

Ohun kan tún wà tí olùkọ́ rẹ kò lè kọ́ ọ, torí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ṣeé ṣe kí ìbátan rẹ yìí ti sọ ìtàn náà tẹ́lẹ̀, níwájú ìjọ, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ẹ̀rí ní ètò tirẹ̀: ewu dé, àdúrà lọ sókè, Ọlọ́run dá sí i, ẹ bá mi gbé Jésù ga. Nínú ẹ̀rí, nọ́ọ̀sì tó ní kó lọ sùn kì í sí níbẹ̀, torí kò ṣe ìtàn náà láǹfààní. Bí o bá ní kó "sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀", ẹ̀rí yẹn náà ni yóò tún sọ, á dùn, á sì mú omi lójú, o ò sì ní rí nǹkan kan lò. Má bá a jiyàn lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Bi í ní ohun kéékèèké: Aago mélòó ni orí kọ́kọ́ fọ́ ọ? Ta lo sọ fún? Kí ló fèsì? Ìgbà wo lo tún sọ ọ́? Ta ló wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ? Ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè fún ìwé ìtọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́ ilé ìwòsàn, aago sì máa wà nínú rẹ̀. Tí ó bá fi ohun tó rántí wé ohun tí wọ́n kọ, fíìmù rẹ ti rí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Ní nọ́ńbà ìjọba àpapọ̀ fún ìlera ọpọlọ àwọn ìyá lọ́wọ́, 1-833-852-6262, tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbé e. Fún un kí o tó tan kámẹ́rà, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti ń gbọ̀n.

Ti ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ kú ńkọ́? Yọ ọ́ kúrò. Charles Johnson, tí ìyàwó rẹ̀ Kira kú ní Los Angeles ní oṣù kẹrin 2016 lẹ́yìn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ gbé ọmọ wọn kejì, dúró níwájú ìgbìmọ̀ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ní 2018 láti sọ ọ́. Òfin tí wọ́n ṣe ní ìparí ọdún yẹn ló pèsè owó ìjọba àpapọ̀ fún àwọn ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ tí mo sọ lókè. Òun ló yàn láti sọ̀rọ̀, ó sì mọ ìdí tó fi ń sọ ọ́. Ọkùnrin tí akẹ́kọ̀ọ́ lọ wá jáde fún iṣẹ́ kíláàsì kò yàn án. Olùwòran á sunkún, á nu ojú, á sì gbàgbé.

Lórí ìṣirò, ẹyọ kan péré ni kí o lò, kí o sì fi ọdún àti ìtumọ̀ rẹ̀ sí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń po ọ̀nà kíkà méjì pọ̀. Èyí tí wọ́n ń gbé jáde lọ́dọọdún láti inú ìwé ẹ̀rí ikú, ọjọ́ 42 péré lẹ́yìn oyún ló ń kà dé. Ti àwọn ìgbìmọ̀ ń ka odidi ọdún kan. Nínú ti ọjọ́ 42 yẹn, ní 2021, nígbà tí Kòfíìdì ṣì ń jà, obìnrin aláwọ̀ dúdú 69.9 ló kú nínú ìbímọ 100,000, ti aláwọ̀ funfun jẹ́ 26.6. Ní 2023 ti aláwọ̀ dúdú wá sílẹ̀ sí 50.3, ti aláwọ̀ funfun sì wá sí 14.5. Ikú dín kù, ṣùgbọ́n ìlọ́po tí ti aláwọ̀ dúdú fi ju ti aláwọ̀ funfun lọ pọ̀ sí i. Tí o bá kàn kọ "ìlọ́po mẹ́ta" sójú fíìmù, gbogbo ìyẹn ti sọnù. Má sì gbàgbé pé aláboyún lè wà lára àwọn tó ń wò ọ́. Àádọ́ta nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún ni, jẹ́ kó mọ ìyẹn.

Àwọn àǹtí wa máa sọ pé ti Nàìjíríà burú jù, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Ìdíwọ̀n àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé fún 2023 jẹ́ 993 nínú ìbímọ 100,000. Ṣùgbọ́n fíìmù mìíràn nìyẹn. Nílé, obìnrin lè kú torí pé kò sí ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn, tàbí pé ọ̀nà kò dára, tàbí pé kò sí owó àsansílẹ̀ tí ilé ìwòsàn ń béèrè. Ní Washington gbogbo nǹkan wà nínú ilé ńlá náà, ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni ìdí tí obìnrin méjì kì í fi jáde kúrò níbẹ̀ bákan náà. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú ló fà á, owó nìkan kọ́ sì ni. Serena Williams, gbajúmọ̀ eléré tẹ́níìsì, fúnra rẹ̀ sọ bó ṣe ní láti tẹnu mọ́ ọn fún nọ́ọ̀sì ní 2017 pé ẹ̀jẹ̀ ti ń dì nínú ara òun, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ dídì sì wà ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lóòótọ́. Shalon Irving, ọmọwé tó ń ṣiṣẹ́ ní CDC gan-an, kú ní January 2017 ní ọmọ ọdún 36, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tó bímọ. Léraléra ló ti padà lọ bá àwọn olùtọ́jú rẹ̀, kódà lọ́jọ́ tó ṣubú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga, wọ́n sì ní kó máa lọ sílé. Ní 2016, ìwádìí kan ní Yunifásítì Virginia rí i pé nǹkan bí ìdajì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àti dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ funfun ló gba ó kéré tán irọ́ kan gbọ́ nípa ara aláwọ̀ dúdú, bíi pé awọ rẹ̀ nípọn ju ti ẹlòmíràn lọ. Ẹni tó bá gba irú ìyẹn gbọ́, báwo ló ṣe máa gbọ́ "orí ń fọ́ mi"?

Ìtàn ẹrú ńkọ́, àti J. Marion Sims, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ fún àwọn obìnrin ẹrú, Anarcha, Lucy àti Betsey, ní Montgomery ní ìpínlẹ̀ Alabama láàárín 1845 sí 1849 láìfún wọn ní oògùn tí kì í jẹ́ kéèyàn mọ ìrora? Ó yẹ kí o mọ̀ ọ́n. Kò yẹ kó gba ìṣẹ́jú mẹ́ta nínú méjìlá rẹ.

Dókítà, ẹyọ kan, tàbí kí o lo agbẹ̀bí dípò rẹ̀, lẹ́nu iṣẹ́, kì í ṣe níwájú àpótí ìwé. Má fi ohùn asọ̀tàn sí i rárá. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, àwọn olùwòran rẹ náà sì jẹ́ ọmọlúàbí.

Ohùn ló máa gbé ọ yọ tàbí kó dójú tì ọ́. Ilé tó ní ọmọ tuntun kò dákẹ́ rí. Fi maíìkì kékeré mọ́ aṣọ ìyá, ní ibi tí ọwọ́ ọmọ kò ní dé, pa fíríìjì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí o sì fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ sínú rẹ̀ kí o má baà gbàgbé láti tan án padà. Jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí kámẹ́rà wà ní ìwọ̀n ojú rẹ̀. Tó bá fẹ́ fún ọmọ lọ́mú, bi í bóyá kí o dáwọ́ dúró, má dá a rò.

Nígbà tí o bá to fíìmù pọ̀ tán, àwọn ìyá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kó kọ́kọ́ wò ó, kó tó dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ rẹ. Lọ bá wọn nílé, kí kálukú wo apá tirẹ̀ àti bó ṣe sún mọ́ ti àwọn tó kù. Orin ni kó kẹ́yìn, tó bá tilẹ̀ nílò rẹ̀. Kọ̀wé sí doula méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ yìí, kí o má tíì yá ohun èlò kankan lọ́wọ́ ilé ìwé. Tí ọ̀kan bá ti gbà kí ẹ jọ jókòó, jẹ́ kí n mọ ohun tó sọ fún ọ, ká wá sọ̀rọ̀ kámẹ́rà.